Mò ń mú Màámi lọ sí Vienna nítorí orin: ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Akọrin

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Manchester ni mò ń gbé. Màámi ń bọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Òde lọ́dún yìí, a sì ti pinnu pé a ó jọ lọ sí Vienna ní Ọ́stríà fún ọjọ́ márùn-ún, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá. Láti ìgbà ọmọge wọn ni Màámi ti wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa, ohùn alto ni wọ́n ń kọ. Orúkọ Haydn, Mozart àti Schubert tí wọ́n máa ń rí lókè ìwé orin ti di orúkọ ojúlùmọ̀ fún wọn. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fi ẹsẹ̀ àwọn tẹ ilẹ̀ ibi tí àwọn èèyàn náà gbé.

Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, orúnkún sì ń dà wọ́n láàmú. Wọ́n lè rìn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìrìn gígùn, àtẹ̀gùn gíga kò sì ṣeé gùn fún wọn. Owó wa náà kò pọ̀. Ibo la ti lè gbọ́ orin gidi láìná owó gọbọi? Èwo nínú ilé àwọn olórin wọ̀nyí ló yẹ kí a dé, èwo la lè fò? Físà Màámi ńkọ́? Ẹ ṣeun púpọ̀.

Ìyá Ìbejì Favoriten

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ o. Favoriten, àdúgbò kẹwàá nílùú Vienna, ni èmi àti ìdílé mi ń gbé, nítorí náà ohun tí ojú mi ń rí lójoojúmọ́ ni mo fẹ́ sọ.

Ní ìlú yìí, orin tó dára jù kọ́ ló wọ́n jù. Tí ẹ bá dé iwájú Stephansdom, kàtídírà ńlá tó wà láàárín ìlú, ẹ óò rí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó wọ aṣọ ayé ìgbà Mozart, tí wọ́n dé wíìgì funfun, tí wọ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì orin. Wọ́n mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ẹ kí wọn, kí ẹ sì máa lọ. Àwọn tó ń lo ohun èlò orin níbi tí wọ́n ń tà yẹn lè mọ iṣẹ́ wọn o, ṣùgbọ́n àlejò nìkan ni wọ́n ń ṣeré fún. Wọ́n á gé orin tí gbogbo ayé ti mọ̀ ní ègé-ègé, wọ́n á sì gba owó tí ẹ lè fi jókòó síbi tí àwọn ọmọ ìlú fúnra wọn ti ń gbọ́ orin.

Staatsoper, ilé ọpẹ́rà ìjọba, ni mo ní lọ́kàn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí alẹ́ tí wọn kì í ṣeré níbẹ̀ láti oṣù kẹsàn-án títí di oṣù kẹfà, oṣù keje àti ìkẹjọ ni wọ́n ń tì í. Wọ́n ń ta àyè ìdúró fún eré kọ̀ọ̀kan, owó rẹ̀ kò sì tó 20 Yúrò. Ẹ lè rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì láàárọ̀ ọjọ́ eré náà, tàbí kí ẹ tò sórí ìlà ní ẹ̀gbẹ́ ilé náà nírọ̀lẹ́. Ẹni tó bá ti rí àyè, ìborùn ló máa so mọ́ irin tó wà níwájú rẹ̀. Tó bá ti so ó, ó lè jáde lọ mu omi kó tó di pé eré bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò gba ibẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é láti ọdún pípẹ́ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí Màámi dúró. Ọpẹ́rà mìíràn lé ní wákàtí mẹ́ta. Ẹ wá ìjókòó ẹ̀gbẹ́ ní òkè pátápátá, èyí tí wọ́n máa ń kọ sí i pé kò fi gbogbo orí ìtàgé hàn. Owó rẹ̀ kéré, ohùn tó ń dé òkè yẹn sì mọ́ gaara. Ẹ̀rọ kékeré kan wà níwájú ìjókòó kọ̀ọ̀kan tó ń kọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ orin jáde, Gẹ̀ẹ́sì wà lára rẹ̀. Tí ẹ bá sì rò pé kẹ̀kẹ́ aláàárẹ̀ ni yóò tu Màámi lára jù, wọ́n ní àyè fún un. Ẹ tètè kọ̀wé sí wọn ni.

Ilé náà fúnra rẹ̀ ní ìtàn. Don Giovanni ti Mozart ni wọ́n fi ṣí i ní 1869. Bọ́ǹbù bà á jẹ́ ní oṣù kẹta 1945, ọdún mẹ́wàá gbáko ló sì gbà kí wọ́n tó tún un kọ́ tán. Fidelio ti Beethoven, orin nípa ẹlẹ́wọ̀n tó gba òmìnira, ni wọ́n fi tún un ṣí ní oṣù kọkànlá 1955, lọ́dún kan náà tí àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ òkèèrè kúrò ní Ọ́stríà.

Nọ́ọ̀sì Munich

Ẹ jẹ́ kí n yára sọ ti físà, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń há. Bí Màámi bá ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà, físà Schengen ni wọ́n nílò, físà Britain kò lè gbé wọn wọ Ọ́stríà. Orílẹ̀-èdè tí èèyàn ń gbé ló yẹ kó ti béèrè rẹ̀, nítorí náà Nàìjíríà ni kí Màámi ti ṣe é kí wọ́n tó gbéra. Ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá dé Manchester. Wọ́n ń gba ìwé láti oṣù mẹ́fà sí ọjọ́ ìrìn àjò, kò sì gbọdọ̀ ku ohun tó dín ní ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìbánigbófò ìlera ìrìn àjò tí wọ́n ń fẹ́ gbọ́dọ̀ tó 30,000 Yúrò ó kéré tán. Kí ẹ béèrè fún físà tó máa gba Màámi wọlé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ó lè wúlò.

Láti pápákọ̀ òfurufú, rélùwéè aláwọ̀ ewé kan wà tí wọ́n ń pè ní CAT, ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún ló fi ń dé àárín ìlú, owó rẹ̀ sì wọ́n. Rélùwéè mìíràn tó ń jẹ́ S7 ń lọ sí ibùdókọ̀ kan náà, Wien Mitte, ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, owó rẹ̀ sì kéré gan-an sí ti CAT. S7 ni kí ẹ wọ̀.

Nínú ìlú, tíkẹ́ẹ̀tì kan náà ló wà fún tíráàmù, bọ́ọ̀sì àti rélùwéè abẹ́ ilẹ̀. Ẹ ra èyí tí ẹ máa lò fún ọjọ́ púpọ̀. Tó bá jẹ́ oníwèé ni, ẹ tẹ̀ ẹ́ lóǹtẹ̀ nínú ẹ̀rọ kékeré tó wà lẹ́nu ọ̀nà kí ẹ tó wọkọ̀. Kò sí gáàtì tó máa dá yín dúró, ṣùgbọ́n àwọn ayẹ̀wéwò máa ń wọlé pẹ̀lú aṣọ ilé, owó ìtanràn sì lé ní 100 Yúrò.

Atẹdùrù Èkó

Ọmọ Akọrin, ẹ bá mi kí Màámi. Ẹ̀yin tí ẹ fi gbogbo ayé yín kọ orin nínú ilé Ọlọ́run, ẹ̀yin gan-an ni ìlú yìí wà fún.

Haydn ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ kí. Ilé rẹ̀ wà ní Haydngasse 19. Ẹ wọ rélùwéè U3, kí ẹ sọ̀ ní Zieglergasse, kò jìnnà níbẹ̀ mọ́. Ilé yẹn ni bàbá náà ti kọ The Creation, orin ìṣẹ̀dá ayé tí àwọn ẹgbẹ́ akọrin wa nílé ti kọ láìmọye ìgbà, tí Màámi náà á ti kọ nínú rẹ̀. Àwọn ọlọ́lá ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ ní Vienna ní 1798, ó di ti gbogbo ìlú ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ohùn orin tó wà nínú ìwé orin wa tí wọ́n kọ «Austria» sí lókè, èyí tí a fi ń kọ orin Síónì ìlú Ọlọ́run, Haydn ló ni ín. Ó kọ ọ́ ní 1797 fún ọba wọn, Franz. Ní oṣù karùn-ún 1809, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Napoleon ń yìnbọn lu Vienna, tí ara bàbá ti di hẹ́gẹhẹ̀gẹ, ohùn orin yìí ló máa ń jókòó sídìí dùrù tẹ̀ lójoojúmọ́. Ó kú nínú ilé yẹn kí oṣù náà tó parí. Ọgbà kékeré kan wà lẹ́yìn ilé. Ẹ jẹ́ kí Màámi jókòó níbẹ̀, kí wọ́n kọ apá alto ohùn orin náà jẹ́jẹ́. Kò sí mùsíọ́ọ̀mù tó lè fún wọn ní nǹkan tó ju ìyẹn lọ.

Ẹ má wá ibojì Haydn ní Vienna o. Eisenstadt ló wà. Àwọn kan jí orí rẹ̀ gbé lẹ́yìn ìsìnkú, 1954 ni orí àti ara tó tún pàdé.

Ilé Beethoven méjì ni àwọn èèyàn máa ń dárúkọ. Èyí tó ń jẹ́ Pasqualatihaus wà ní àjà kẹrin, kò sí lífìtì, ẹ fò ó. Heiligenstadt ni kí ẹ lọ, ní Probusgasse 6: U4 títí dé òpin rẹ̀, lẹ́yìn náà bọ́ọ̀sì 38A. Abúlé ni ibẹ̀ nígbà ayé rẹ̀, wọ́n rán an lọ síbẹ̀ bóyá etí rẹ̀ á yá. Ibẹ̀ ló jókòó sí ní oṣù kẹwàá 1802, tó kọ ìwé sí àwọn àbúrò rẹ̀ méjèèjì pé etí òun ń di, pé ojú ń ti òun láti sọ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n sọ̀rọ̀ sókè, pé iṣẹ́ orin nìkan ni kò jẹ́ kí òun gba ẹ̀mí ara òun. Kò fi ìwé náà ránṣẹ́. Ẹ̀yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n rí i nínú ẹrù rẹ̀. Nínú mùsíọ́ọ̀mù yẹn, wọ́n ṣètò rẹ̀ kí ẹ lè fi etí ara yín gbọ́ bí orin ṣe ń dún létí ẹni tí etí rẹ̀ ń di. Ó kọ symphony rẹ̀ kẹta títí dé ìkẹsàn-án lẹ́yìn ìwé yẹn. Akọrin tó bá jáde níbẹ̀ yóò gbọ́ orin yàtọ̀ láti ọjọ́ náà.

Schubert: Nussdorfer Straße 54 ni wọ́n ti bí i ní 1797. Ilé náà kéré, àtẹ̀gùn díẹ̀ wà, dígí ojú rẹ̀ wà níbẹ̀. Bí orúnkún Màámi bá gbà.

Mozarthaus, Domgasse 5, lẹ́yìn Stephansdom: ó gbé ibẹ̀ láti 1784 sí 1787, ibẹ̀ ló ti kọ The Marriage of Figaro. Lífìtì wà. Ṣùgbọ́n ẹrù tó jẹ́ tirẹ̀ gan-an tó kù níbẹ̀ kò tó nǹkan, owó ìwọlé rẹ̀ sì ju ti àwọn ilé yòókù lọ. Bí owó bá fún yín lọ́rùn, ẹ dúró níta, kí ẹ wo fèrèsé, kí ẹ sì wọ inú Stephansdom lọ. Ibẹ̀ ni Mozart ti gbéyàwó ní 1782, ibẹ̀ náà sì ni Haydn ti kọrin gẹ́gẹ́ bí ọmọ kékeré títí tí ohùn rẹ̀ fi yí, tí wọ́n fi ní kó máa lọ.

Ìyá Ìbejì Favoriten

Mo fẹ́ fi kún ti Atẹdùrù. Haydn, Beethoven àti Schubert, ìlú ló ni ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, abẹ́ Wien Museum ni wọ́n wà: ọ̀fẹ́ ni ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù kẹwàá ni ẹ ń bọ̀, ẹ wo kàlẹ́ńdà dáadáa. Mozarthaus kò sí lára rẹ̀. Ẹ má lọ lọ́jọ́ Ajé, ìlẹ̀kùn wọn á wà ní títì. Kí ẹ sì yẹ ojú ewé wọn wò kí ẹ tó gbéra, torí ilé àtijọ́ ni gbogbo wọn, àtúnṣe lè wọ̀ ọ́ nígbàkígbà.

Nípa ti Stephansdom, ilé ìṣọ́ gúúsù ní àtẹ̀gùn 343. Ẹ gbàgbé rẹ̀. Lífìtì wà ní ilé ìṣọ́ àríwá tó ń gbé èèyàn dé ibi agogo ńlá Pummerin. Pummerin àtijọ́, tó wà ní ilé ìṣọ́ gúúsù, fọ́ nínú iná 1945, wọ́n sì fi àfọ́kù rẹ̀ rọ tuntun.

Bàbá Ọ̀ṣogbo

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ọ̀rọ̀ rere. Ẹ jẹ́ kí n mú ohun kan wá tí ìwé àwọn arìnrìn-àjò kì í sábà gbé síwájú: àwa èèyàn dúdú náà ní ojú ẹsẹ̀ nínú ìtàn orin Vienna.

Ọgbà kan wà tó ń jẹ́ Augarten, ọ̀fẹ́ ni, ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú, ìjókòó pọ̀ lábẹ́ igi. Níbẹ̀, ní ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún 1803, aago mẹ́jọ àárọ̀, ni George Bridgetower ti ta fáólìnì nígbà tí Beethoven fúnra rẹ̀ jókòó sídìí dùrù. Ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ni ìran bàbá Bridgetower. Nítorí rẹ̀ ni Beethoven ṣe kọ orin náà, inki kò tíì gbẹ lórí ìwé nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ojú ìwé Beethoven ni Bridgetower ti ń wo apá kan nínú tirẹ̀. Àwọn méjèèjì jà lẹ́yìn náà, Beethoven sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, ó fi ti Kreutzer, atafáólìnì mìíràn, sí i. Kreutzer kò fìgbà kan ta á. Orúkọ Kreutzer ni gbogbo ayé fi ń pe orin náà títí dòní. Ẹ jẹ́ kí Màámi gbọ́ orúkọ ẹni tó ni ín gan-an nígbà tí wọ́n bá jókòó nínú ọgbà yẹn.

Èkejì wúwo lọ́kàn. Angelo Soliman, ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú ní kékeré, dàgbà di ọ̀mọ̀wé láàárín àwọn ọlọ́lá Vienna. Ó gbọ́ èdè púpọ̀, ó wà nínú ẹgbẹ́ àwọn Freemason, ojúlùmọ̀ Mozart sì ni. Nígbà tó kú ní 1796, wọ́n bó awọ ara rẹ̀, wọ́n sì gbé e kalẹ̀ nínú ilé àkójọ ohun ìyanu ọba, bí ẹni gbé ẹran ìgbẹ́ kalẹ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀ bẹ̀ wọ́n, ó bẹ̀ wọ́n, pé kí wọ́n jẹ́ kí òun sin bàbá òun. Wọn ò gbọ́. Iná ìjà ìgboro 1848 ló jó o. Inú Hofburg, ààfin ọba, ni gbogbo èyí ti ṣẹlẹ̀, ẹ óò sì gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ dúró díẹ̀ fún un.

Nínú Hofburg kan náà, ní apá tí wọ́n ń pè ní Neue Burg, Weltmuseum wà níbẹ̀. Àwọn idẹ Benin pọ̀ níbẹ̀ gan-an, èyí tó jáde kúrò ní Ìlú Benin lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun Britain jó ààfin Ọba ní 1897. Inú ilé náà ni àkójọ ohun èlò orin àtijọ́ wà pẹ̀lú. Ọjọ́ kan náà lẹ lè rí méjèèjì.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Igbó Ọ̀ṣun nílùú mi mọ Àdùnní Olórìṣà, Susanne Wenger. Ọmọ Graz ni, ṣùgbọ́n Vienna ló ti kọ́ iṣẹ́ ọnà kó tó wá sí Nàìjíríà ní 1950.

Arìnrìn-àjò Leeds

Ẹ ṣé, Bàbá. Mi ò gbọ́ ti Bridgetower rí.

Tèmi ni Haus der Musik, ní Seilerstätte 30. Lífìtì wà. Yàrá kan wà níbẹ̀ tí èèyàn ti lè di olùdarí orin: ẹ óò gba ọ̀pá, ẹgbẹ́ Vienna Philharmonic á wà lójú àwòrán níwájú yín, bí ẹ bá sáré, wọ́n á sáré, bí ẹ bá fà á, wọ́n á fà á. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n darí, wọ́n á dá orin dúró, wọ́n á sì bá yín wí. Ẹni tó ti tẹ̀ lé ọwọ́ olùdarí fún àádọ́ta ọdún, ẹ jẹ́ kó gba ọ̀pá náà fúnra rẹ̀.

Ẹ má gbàgbé Schönbrunn.

Nọ́ọ̀sì Munich

Pẹ̀lú orúnkún yẹn? Èmi á fi Schönbrunn sílẹ̀. Ààfin náà ní yàrá 1,441, àwọn tó ń wọ̀ ọ́ pọ̀ bí omi, ìdúró àti ìrìn rẹ̀ á gba gbogbo ọjọ́ lọ́wọ́ yín. Ọjọ́ márùn-ún péré lẹ ní.

Arìnrìn-àjò Leeds

Mo gbà pé inú ààfin lè rẹ wọ́n. Ṣùgbọ́n ọgbà rẹ̀ ọ̀fẹ́ ni, U4 sì ń gbé èèyàn dé tòsí rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ wọlé, ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì tó ní aago lórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣáájú, kí ẹ mú aago àárọ̀ kùtù. Gbọ̀ngàn dígí wà nínú rẹ̀, wọ́n ní ibẹ̀ ni Mozart ti tẹ dùrù fún Ọbabìnrin Maria Theresa ní 1762, ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà náà.

Ìyá Ìbejì Favoriten

Ẹ̀yin méjèèjì, ọgbà nìkan ni kí wọ́n lọ, ní ìrọ̀lẹ́ tí oòrùn bá ti rọ̀. Ọ̀rọ̀ ti parí níbẹ̀.

Èmi fẹ́ sọ ti ìsìn ọjọ́ Àìkú, torí akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ni Màámi. Ṣọ́ọ̀ṣì meji ni ẹ ó mú ọ̀kan nínú wọn. Nínú ilé ìsìn Hofburg, àwọn ọmọkùnrin Wiener Sängerknaben máa ń kọrin ìsìn ní aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọdún 1498 ni Ọba Maximilian dá ẹgbẹ́ orin yẹn sílẹ̀. Owó ni ìjókòó, àyè ìdúró díẹ̀ ni ọ̀fẹ́, òkè lẹ́yìn ni àwọn ọmọ náà sì ti ń kọrin, nítorí náà ohùn wọn lẹ ó gbọ́, ẹ ò ní rí ojú wọn títí ìsìn á fi parí.

Èkejì ni Augustinerkirche, nítòsí ibẹ̀ gan-an, ní aago mọ́kànlá. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ lọ. Ọ̀fẹ́ ni, ìjókòó wà, kò sẹ́ni tó máa béèrè ìwé lọ́wọ́ yín. Ẹgbẹ́ akọrin àti àwọn onífáólìnì máa ń gbé odindi Mass kalẹ̀, ti Haydn, ti Mozart, ti Schubert, bó ṣe bá ọjọ́ náà. Wọ́n ń kọ ọ́ níbi tí wọ́n kọ ọ́ fún: àlùfáà wà nídìí pẹpẹ, tùràrí ń rú, àwọn èèyàn ń kúnlẹ̀. Nínú gbọ̀ngàn, èèyàn á pàtẹ́wọ́ tí orin bá tán. Níbí, àdúrà ló máa ń tẹ̀ lé e. Màámi á mọ̀ ọ́n láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè Latin ni. Ẹ dé ibẹ̀ ní ìlàjì wákàtí ṣáájú, kí ẹ jókòó sí àárín, torí òkè lẹ́yìn ni dùrù ńlá àti àwọn akọrin wà. Kí ẹ fi owó díẹ̀ sínú àpótí ọrẹ, òun ni wọ́n fi ń gbé orin náà ró.

Atẹdùrù Èkó

Àṣẹ. Ṣọ́ọ̀ṣì yẹn náà ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ Mass kẹta ti Bruckner, ní 1872, òun fúnra rẹ̀ ló darí rẹ̀.

Ó ku itẹ́ òkú. Tíráàmù 71 ń gba òpópónà Ring kọjá lẹ́bàá Ọpẹ́rà, ó sì ń lọ tààrà sí Zentralfriedhof. Àwọn ará Vienna máa ń sọ nípa ẹni tó bá kú pé ó ti wọ 71. Ẹ sọ̀ ní ẹnu ọ̀nà kejì. Abala 32A wà lápá òsì ojú ọ̀nà gbàgàdà tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kò jìnnà: Beethoven, Schubert, Brahms àti Johann Strauss wà lójú kan náà. Schubert gbé ògùṣọ̀ níbi ìsìnkú Beethoven ní 1827, ọdún tó tẹ̀ lé e lòun náà kú, ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ó ti sọ pé ẹ̀gbẹ́ Beethoven ni òun fẹ́ wà. Nígbà tí wọ́n ń kó wọn wá sí ibí ní 1888, wọ́n kò yà wọ́n nípa.

Òkúta ìrántí Mozart wà láàárín wọn, ṣùgbọ́n òun kò sí nísàlẹ̀ rẹ̀. St. Marx ni wọ́n sin ín sí ní oṣù kejìlá 1791, nínú ibojì tí kò ní àmì, torí òfin ìsìnkú ìgbà náà kò fàyè gba ìnáwó. 71 yìí náà ń gba tòsí St. Marx kọjá, ṣùgbọ́n ìrìn díẹ̀ wà níbẹ̀. Ìwọ lo mọ bí ẹsẹ̀ Màámi ṣe rí lọ́jọ́ náà.

Ọmọ Akọrin

Ẹ̀yin èèyàn mi, omi bọ́ lójú mi bí mo ṣe ń ka gbogbo èyí. Mo kà á fún Màámi lórí fóònù láàárọ̀ yìí. Nígbà tí mo dé ibi ohùn orin Haydn, wọ́n ní kí n dákẹ́ ná, wọ́n sì kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n ní Augustinerkirche ni àwọn fẹ́, kí n má wulẹ̀ sọ èkejì fún àwọn mọ́. A ti fi ọjọ́ Àìkú náà pamọ́ fún un, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán a ó lọ sí Haydngasse.

Ìbéèrè méjì ló kù. Màámi fẹ́ wé gèlè lọ sí Ọpẹ́rà, ṣé kò burú? Èkejì, wọn kì í jẹun tí kò ní ata.

Ìyá Ìbejì Favoriten

Ẹ jẹ́ kí wọ́n wé gèlè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kí gbogbo Vienna rí i. Ní Ọpẹ́rà, ìjókòó òkè náà ga, ó sì há, gèlè á dí ẹni tó wà lẹ́yìn lójú, wọ́n á sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n tú u. Kí wọ́n wọ ìró àti bùbá aṣọ òkè wọn, kí wọ́n fi ìborùn kékeré wé orí pẹlẹbẹ. Aṣọ òtútù ńlá kì í wọ inú gbọ̀ngàn, ibi ìkóṣọsí wà nísàlẹ̀. Oṣù kẹwàá máa ń tutù lálẹ́, kí wọ́n wọ súwẹ́tà sábẹ́ bùbá.

Ata: ẹ bá mi di ata gígún sínú ike kékeré, kí Màámi máa gbé e sínú báàgì. Schnitzel, ẹran pẹlẹbẹ tí wọ́n dín, dùn, ṣùgbọ́n kò ní ata rárá. Ní Naschmarkt, ọjà tó wà lẹ́bàá rélùwéè U4, ẹ óò rí ata gbígbẹ àti èròjà lóríṣiríṣi, kò sì ṣí lọ́jọ́ Àìkú. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ńlá náà kì í ṣí lọ́jọ́ yẹn, àyàfi díẹ̀ nínú àwọn ibùdókọ̀ rélùwéè, nítorí náà ẹ ra oúnjẹ yín ní Sátidé. Ẹ má ra omi inú ike o, orí òkè Alps ni omi ẹ̀rọ ìlú yìí ti ń ṣàn wá láti 1873, ó tutù, ó sì dùn. Nílé kọfí, wọ́n á gbé omi tútù ti kọfí yín lẹ́yìn, ẹ sì lè fi ife kan jókòó fún wákàtí méjì, ẹnikẹ́ni kò ní lé yín. Ìsinmi orúnkún Màámi nìyẹn, láàárín ibi kan sí òmíràn.

Tí ẹ bá ti mọ ibi tí ẹ máa dé sí, ẹ kọ ọ́ síbí. Bó bá sún mọ́ U3 tàbí U4, ó ti dára. Bí kò bá sún mọ́ ọn, ẹ jẹ́ kí n bá yín wá òmíràn kí ẹ tó sanwó.